Ta Ni Ká Kà Mọ́ Ọ̀wọ́? Ìdájọ́ Ìgbìmọ̀ Òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà lórí Iléeṣẹ́ Volkswagen ní Chattanooga

Ní ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ Volkswagen ní ìlú Chattanooga, ìpínlẹ̀ Tennessee, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dìbò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbò náà dá lé: ṣé wọ́n fẹ́ kí United Auto Workers, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UAW, máa gbẹnu sọ fún wọn níwájú agbanisíṣẹ́? Àwọn 108 ní àwọn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn 44 ní àwọn kò fẹ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ fi òǹtẹ̀ lu èsì náà. Síbẹ̀, ó ju ọdún mẹ́ta lọ tí òǹtẹ̀ yẹn fi wà nílẹ̀, tí iléeṣẹ́ náà kò sì bá ẹgbẹ́ dúnàádúrà àdéhùn kankan lórí àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n ṣe èrú nínú ìbò náà. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìbò kò pé. Ohun tó ṣáájú ìbò ni wọ́n ń jà lé lórí: ta ni ó yẹ kí wọ́n kà mọ́ àwọn tó máa dìbò?

Òfin tó bí Ìgbìmọ̀ yìí ni National Labor Relations Act, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lù ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 1935. Sẹ́nétọ̀ Robert Wagner láti New York ló gbé e wá síwájú ilé aṣòfin, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pè é ní Òfin Wagner. Ṣáájú àkókò náà, ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, agbanisíṣẹ́ lè lé òṣìṣẹ́ dànù torí pé ó wọ ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé èé ṣe. Òfin Wagner sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ fún òṣìṣẹ́ láti kóra jọ, láti yan ẹni tí yóò ṣojú wọn, àti láti fi ohùn kan bá ọ̀gá wọn dúnàádúrà. Àwọn oníléeṣẹ́ ńláńlá kọ́kọ́ kọ etí ikún sí i, wọ́n gbàgbọ́ pé ilé ẹjọ́ yóò wọ́gi lé e. Ẹjọ́ iléeṣẹ́ irin Jones & Laughlin ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Iléeṣẹ́ ọ̀hún lé òṣìṣẹ́ mẹ́wàá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Aliquippa, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, torí pé wọ́n ń ṣe ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ló sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 1937 pé òfin náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí adájọ́ kan péré bá ti yí ohùn padà, òfin náà ìbá ti kú.

Ènìyàn márùn-ún ló ń jókòó lórí Ìgbìmọ̀ náà ní Washington. Ààrẹ ló ń yàn wọ́n, ilé aṣòfin àgbà ló ń fọwọ́ sí i, ọdún márùn-ún sì ni sáà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àṣà tó ti wà nílẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí ààrẹ ti wá ló máa ń ní mẹ́ta nínú wọn. Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bí ìjọba bá ti yí padà, ojú tí Ìgbìmọ̀ fi ń wo òfin náà máa ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ilé aṣòfin kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, wọn kò sì yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ wà lọ́wọ́ àwọn ọ́fíìsì ẹkùn. Èyí tó ń bójú tó Chattanooga wà ní Atlanta, òun ni wọ́n ń pè ní Ẹkùn 10.

Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ kó ìbuwọ́lù jọ. Tí ìbuwọ́lù bá ti tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n lè gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ẹkùn pé kí wọ́n wá ṣètò ìbò. Bí agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ kò bá fẹnu kò lórí àwọn tó máa dìbò, ọ̀gá ẹkùn á pe tọ̀tún-tòsì jókòó, á gbọ́ ẹ̀rí, á sì pinnu. Òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ ló ń gbé àpótí ìbò wá, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ń dì í. Ẹni tó bá ju ìdajì lọ nínú àwọn tó dìbò ló borí. Láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá ti wọlé, òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn tó wà nínú ọ̀wọ́ náà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kà mọ́ ìbò, títí kan àwọn tó dìbò pé àwọn kò fẹ́ ẹ. Ní Tennessee, òfin ìpínlẹ̀ láti ọdún 1947 kò gbà kí wọ́n fi dandan gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojúṣe ẹgbẹ́ sí ẹni tí kò san kọ́bọ̀ kò dín sí ti ẹni tó ń san.

Ọ̀wọ́ yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀ka kẹsàn-án òfin náà sọ pé Ìgbìmọ̀ ni yóò pinnu, ní ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, bóyá gbogbo òṣìṣẹ́ agbanisíṣẹ́ ni ọ̀wọ́, tàbí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà, tàbí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé kan, tàbí apá kan nínú wọn. Òfin kò ní kí Ìgbìmọ̀ wá ọ̀wọ́ tó dára jù lọ. Ohun tó ní kí wọ́n wá ni ọ̀wọ́ kan tó bójú mu. Nínú iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀wọ́ bíi mélòó kan lè wà tó bójú mu, kí ẹgbẹ́ sì mú èyí tó wù ú nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni ire tó pa àwọn ènìyàn náà pọ̀: ṣé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà san owó wọn, ṣé ọ̀gá kan náà ló ń darí wọn, ṣé ìmọ̀ iṣẹ́ wọn bára mu, ṣé wọ́n máa ń gba iṣẹ́ ara wọn ṣe, ṣé wákàtí iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀?

Kò yani lẹ́nu pé ìhà méjèèjì máa ń fi ọgbọ́n wo ìbéèrè yìí. Agbanisíṣẹ́ sábà máa ń fẹ́ kí ọ̀wọ́ tóbi, nítorí ó ṣòro fún ẹgbẹ́ láti yí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn lọ́kàn padà ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹgbẹ́ náà máa ń fẹ́ kí ó kéré níbi tí alátìlẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ sí. Nígbà tí ilé aṣòfin ṣàtúnṣe òfin náà ní ọdún 1947, wọ́n fi gbólóhùn kan sí i pé ibi tí ẹgbẹ́ ti rí èèyàn kó jọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó máa pinnu ọ̀wọ́. Gbólóhùn yẹn ni àwọn agbẹjọ́rò oníléeṣẹ́ máa ń di mú títí di òní.

Ní ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ la ọ̀nà tuntun nínú ẹjọ́ Specialty Healthcare, tó jẹ mọ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì 53 ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama. Wọ́n ní bí àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ dárúkọ bá ti jẹ́ ọ̀wọ́ tó dá yàtọ̀, tí ire kan náà sì pa wọ́n pọ̀, ọ̀wọ́ náà dúró. Agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n fi àwọn mìíràn kún un gbọ́dọ̀ fi hàn pé ire àwọn méjèèjì wọnú ara wọn débi pé kò sí ìdí gidi kan láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹrù ẹ̀rí náà wúwo, orí agbanisíṣẹ́ ni wọ́n sì gbé e kà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìlànà yìí ní ọdún 2013. Orí rẹ̀ ni ìdájọ́ Chattanooga dúró lé.

Iléeṣẹ́ Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ní ọdún 2011, lórí ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fi ṣe iléeṣẹ́ ohun ìjà rí. Ọkọ̀ Passat ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀. Owó tí wọ́n ná lé e tó bílíọ̀nù kan dọ́là, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ sì fún wọn ní ìrànwọ́ ńlá. Ní Jámánì, ibi tí iléeṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá, òṣìṣẹ́ ní ìgbìmọ̀ tiwọn nínú iléeṣẹ́, èyí tó máa ń bá àwọn ọ̀gá jókòó lórí ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́, ààbò àti ìgbàsíṣẹ́. Àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ ní Jámánì fẹ́ kí irú rẹ̀ wà ní Chattanooga pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tàbí kí ó máa fi owó tì í lẹ́yìn, torí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníléeṣẹ́ fi ń tan òṣìṣẹ́ jẹ kí ọdún 1935 tó dé. Ọ̀pọ̀ amòfin wá rí i pé láìsí ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ fúnra wọn yàn, ìgbìmọ̀ bíi ti Jámánì yóò ta ko òfin.

Bí wọ́n ṣe dé ibi ìbò àkọ́kọ́ nìyẹn, láti ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2014. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló dìbò pa pọ̀. Iléeṣẹ́ náà kò gbógun ti ẹgbẹ́. Kódà ó jẹ́ kí àwọn aṣojú UAW wọlé wá bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn olóṣèlú ló gba ìjà náà ṣe. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ kan halẹ̀ pé bí UAW bá wọlé, ìrànwọ́ owó ìjọba lè dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ tí ìbò bẹ̀rẹ̀, Sẹ́nétọ̀ Bob Corker, tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí ìlú Chattanooga, sọ ní gbangba pé wọ́n ti fi òun lọ́kàn balẹ̀ pé bí òṣìṣẹ́ bá kọ ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣe ọkọ̀ jíìpù tuntun. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ní Chattanooga sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò kan ara wọn. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu àgbà, ó ti dé etí òṣìṣẹ́. Èsì jáde: 712 kọ̀, 626 gbà. Ìbò 86 ló wà láàárín. Ẹgbẹ́ pe ẹjọ́ lórí ohun tí àwọn olóṣèlú sọ, ó sì fà á padà ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Ní oṣù Keje, iléeṣẹ́ kéde pé Chattanooga ni wọ́n ti máa ṣe jíìpù ọ̀hún. Oṣù náà gan-an ni UAW dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n pè ní Local 42, fún ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ wọlé.

Ọ̀nà mìíràn ni ẹgbẹ́ gbà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí Ẹkùn 10 fún àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nìkan. Iye wọn jẹ́ nǹkan bí 160, nígbà tí àwọn tó ń to ọkọ̀ ju 1,200 lọ. Àkókò náà kò rọgbọ fún iléeṣẹ́ ọ̀hún rárá, nítorí oṣù Kẹsàn-án ni ìjọba Amẹ́ríkà tú u fó pé ó ti fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà bo èéfín ọkọ̀ oní-dísù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí a wo iṣẹ́ àwọn ènìyàn yìí ní tímọ́tímọ́, nítorí orí rẹ̀ ni ẹjọ́ dá lé. Nínú iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti òde òní, rọ́bọ́ọ̀tì ló ń jó irin ara ọkọ̀ pọ̀, rọ́bọ́ọ̀tì ló ń fọ́n ọ̀dà sí i, ọkọ̀ sì ń rìn lórí ìlà láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá dákẹ́, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa dúró, àwọn tó ń to ọkọ̀ á sì fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tí wọ́n máa pè nìyẹn. Kó tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, ó ní láti pa iná rẹ̀, kó fi àgádágodo tirẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń tan án, kó sì so káàdì orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ á wà lápò rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, kí ẹlòmíì má bàa ṣèèṣì tan ẹ̀rọ nígbà tí apá ènìyàn wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ iná, iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló pàdé lórí ẹnì kan. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Iléeṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tó dá pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì Chattanooga State, níbi tí ọ̀dọ́ ti ń lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu irú ìmọ̀ yìí.

Ẹgbẹ́ sọ níwájú Ẹkùn 10 pé àwọn ènìyàn tí ìmọ̀ wọn, owó wọn àti ewu iṣẹ́ wọn yàtọ̀ báyìí jẹ́ ọ̀wọ́ kan gedegbe, ẹni tó ń to ọkọ̀ kò sì lè bọ́ sí ipò wọn kó gba iṣẹ́ wọn ṣe. Iléeṣẹ́ kò sẹ́ ìmọ̀ yìí. Ohun tó ń sọ ni pé ìwé ìlànà kan náà ló ń darí gbogbo òṣìṣẹ́, àǹfààní kan náà ni wọ́n ń jẹ, ibi kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó tún sọ pé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe gan-an kò wà lójú kan: àwọn kan wà ní ibi tí wọ́n ti ń jó irin, àwọn kan ní ibi ọ̀dà, àwọn kan ní ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀, ọ̀gá ibi kọ̀ọ̀kan ló sì ń darí tirẹ̀. Bí ọ̀wọ́ kan bá máa wà, ó ní kó jẹ́ gbogbo iléeṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwáwí lásán. Nínú ilé tí ìlà kan so gbogbo ènìyàn pọ̀, àdéhùn tí ènìyàn 160 bá ṣe máa kan àwọn yòókù, pàápàá bí ìyanṣẹ́lódì bá wáyé. Àmọ́ ẹni tó bá rò ó dáadáa yóò rí i pé ẹ̀tọ́ tí òfin fún àwọn 160 náà kò ní ìtumọ̀ bí ó bá jẹ́ pé àwọn 1,200 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà fún wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọ̀gá ẹkùn dájọ́ pé ọ̀wọ́ náà dúró, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dìbò. Ìbò 108 sí 44 tí a sọ lókè ló jáde. Iléeṣẹ́ bẹ Ìgbìmọ̀ ní Washington pé kí wọ́n tún ìdájọ́ náà wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ènìyàn méjì nínú mẹ́ta tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kọ̀. Ẹni kẹta, Philip Miscimarra, ta kò wọ́n. Lójú tirẹ̀, pínpín tí wọ́n pín àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sí abẹ́ ọ̀gá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi hàn pé wọ́n sún mọ́ àwọn tó ń to ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ju bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn lọ. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn.

Ibi tí òfin Amẹ́ríkà ti ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn la dé yìí. Láti ọdún 1940 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé agbanisíṣẹ́ kò lè gbé òǹtẹ̀ ìbò lọ tààrà sílé ẹjọ́. Bó bá fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó ní láti kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní í bá ẹgbẹ́ dúnàádúrà. Ẹgbẹ́ á fẹjọ́ sun Ìgbìmọ̀, Ìgbìmọ̀ á sọ pé ó rú òfin, á sì pàṣẹ pé kó jókòó. Àṣẹ yẹn ni agbanisíṣẹ́ lè wá gbé lọ sílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí òfin là sílẹ̀ láti ṣàríyànjiyàn lórí ọ̀wọ́ ni pé kí ènìyàn rú òfin náà ná. Volkswagen gba ọ̀nà yẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Ìgbìmọ̀ pàṣẹ fún un pé kó dúnàádúrà. Iléeṣẹ́ gbé àṣẹ náà lọ sílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington.

Òfin kò ní kí owó ìtanràn máa gun orí agbanisíṣẹ́ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ nínú irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú jù nínú ètò náà nìyí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. Ẹni tó ń dúró, tí ọdún ń lọ lórí rẹ̀, ni òṣìṣẹ́ tó dìbò. Àwọn kan nínú àwọn tó dìbò á ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí, àwọn tuntun tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ á sì ti wọlé.

Kí ilé ẹjọ́ tó dáhùn, ìjọba yí padà. Donald Trump di ààrẹ ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Miscimarra tó ta kò ìdájọ́ àná sì di alága Ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún náà, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí sáà rẹ̀ parí, òun àti ènìyàn méjì mìíràn wọ́gi lé ìlànà Specialty Healthcare nínú ẹjọ́ PCC Structurals. Iléeṣẹ́ tó ń rọ irin ni PCC, ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon. Wẹ́dà bí ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ ẹgbẹ́ níbẹ̀ láàárín òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,500. Ìbò mẹ́ta sí méjì ni Ìgbìmọ̀ fi ṣe ìpinnu náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹrù ẹ̀rí wíwúwo kúrò lórí agbanisíṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ni yóò máa wo gbogbo rẹ̀, yóò sì máa wọ̀n bóyá ohun tó ya àwọn ènìyàn kékeré náà sọ́tọ̀ ju ohun tó so wọ́n mọ́ àwọn yòókù lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n dá ẹjọ́ Volkswagen padà fún àtúnyẹ̀wò lábẹ́ ìlànà tuntun. Ilé ẹjọ́ gbà. Ìdájọ́ tí òṣìṣẹ́ 108 ti fi ìbò wọn dúró lé pòórá mọ́ wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn, àgádágodo wọn àti ọ̀gá wọn kò yí padà.

Ohun tí ìlànà tuntun yìí lè ṣe hàn kedere ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Boeing ní North Charleston, South Carolina. Ní ọdún 2018, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ òfuurufú wò kó tó gbéra dìbò 104 sí 65 pé àwọn fẹ́ ẹgbẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Ìgbìmọ̀ sọ pé ọ̀wọ́ wọn kò bójú mu, ìbò náà sì di òfo.

Ní Chattanooga, ẹgbẹ́ pa ọ̀wọ́ kékeré náà tì ní ọdún 2019, ó sì tún bèèrè ìbò fún gbogbo iléeṣẹ́. Àní, òǹtẹ̀ ọdún 2015 tí kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan tún wá di ìdíwọ́ fún wọn: òfin ní ọdún kan gbáko gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn òǹtẹ̀ kí ìbò mìíràn tó wáyé, agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ sì ní ọdún náà kò tíì pé nítorí ìdúnàádúrà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ dá ìwé ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ nù ní oṣù Karùn-ún. Ẹgbẹ́ gbé òmíràn wá lójú ẹsẹ̀. Gómìnà Tennessee, Bill Lee, ti lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nínú iléeṣẹ́ pé kí wọ́n má gbà. Láti ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, wọ́n dìbò: 833 kọ̀, 776 gbà. Ìyàtọ̀ ti dín láti 86 sí 57, ṣùgbọ́n ìpàdánù ni.

Ìjọba tún yí padà ní ọdún 2021, Ìgbìmọ̀ náà sì tún bá a yí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, nínú ẹjọ́ American Steel Construction, ènìyàn mẹ́ta sí méjì dá ìlànà ọdún 2011 padà. Láàárín ọdún mọ́kànlá, ìdáhùn sí ìbéèrè kan náà ti yí lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí agbanisíṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ tó lè fi ọkàn balẹ̀ ṣètò nǹkan lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé aṣòfin tó lè kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kedere sì wà ńbẹ̀ tí kò ṣe é.

Ìdìbò kẹta fún gbogbo iléeṣẹ́ ní Chattanooga kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ́ kékeré mọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìwọ́wé ọdún 2023, UAW, tí Shawn Fain jẹ́ ààrẹ rẹ̀, yanṣẹ́ lódì sí Ford, General Motors àti Stellantis lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gba àfikún owó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àdéhùn ọdún mẹ́rin àti díẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni Volkswagen kéde àfikún ìdá 11 ní Chattanooga, níbi tí ẹgbẹ́ kò sí. Òṣìṣẹ́ ṣírò ó, wọ́n rí ibi tí owó náà ti wá. Nígbà tí ìbò ku ọ̀la, gómìnà mẹ́fà ní ìhà gúúsù, títí kan ti Tennessee, fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹgbẹ́ yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Ìbò wáyé láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2024: 2,628 gbà, 985 kọ̀. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí UAW borí nínú ìbò fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ àwọn ará òkè òkun ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ Mercedes-Benz ní Alabama dìbò, 2,642 kọ̀, 2,045 gbà, èyí tó fi hàn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chattanooga kò ràn dé ibi gbogbo.

Ìgbìmọ̀ fi òǹtẹ̀ lu èsì Chattanooga ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ọ̀wọ́ tó wà nínú ìwé náà ni gbogbo àwọn tó ń to ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, irú èyí tí iléeṣẹ́ ti ń bèèrè láti ọdún 2015, nítorí náà kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, tọ̀tún-tòsì ti jókòó lórí àdéhùn àkọ́kọ́.